Bọ́ọ̀dù Orí Omi Tí Yóò Gba Gbogbo Ilé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí nítorí bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń dá rẹ́rìn-ín nídìí máṣíìnì, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sì ti ń wò mí bíi pé nǹkan ń ṣe mí. Nǹkan kan ò ṣe mí o. Inú mi ló ń dùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé télọ̀ ni mí, ní Sabon Gari níbí, ní àdúgbò kan tó já sí Enugu Road. Ọkọ mi, Bàbá Tòbí, mẹkáníìkì ni, Noman's Land ni ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ wà. Ikùn rẹ̀ ti yọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní iṣan ni. Tòbí, ọmọ wa ọkùnrin, ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ, ó wá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí òpó iná. Dàmi, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ṣì wà ní pírámárì. Ara rẹ̀ kéré, ẹnu rẹ̀ ló tóbi. Èmi fúnra mi wà láàárín, ẹ má bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àgbà ilé wa wá ni Àǹtí Rónkẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ló tọ́ mi dàgbà nígbà tí ìyá wa kú. Wọ́n ní ilé búrẹ́dì kékeré kan lápá Brigade. Wọ́n sì tóbi. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, wọ́n tóbi gan-an, wọ́n ga, wọ́n sì fẹ̀. Àwọn fúnra wọn máa ń ṣàwàdà pé bí àwọn bá fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ẹni tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde.

Ṣùgbọ́n àwàdà yẹn ò dénú. Nígbà kan, àga ike ṣẹ́ mọ́ wọn nídìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọ̀dọ́ kan sì rẹ́rìn-ín. Látìgbà náà, ibikíbi tí a bá ti fẹ́ lọ gbádùn ara wa, Àǹtí á ní kí a máa lọ, àwọn á dúró ti ẹrù. Ó ti mọ́ wa lára débi pé a kì í bẹ̀ wọ́n mọ́. A kàn ń kó báàgì fún wọn ni.

Báwo wá ni bọ́ọ̀dù ṣe wọ ọ̀rọ̀ yìí? Alhaji kan wà tí Bàbá Tòbí ń bá tún mọ́tò ṣe. Alhaji yìí ra ọkọ̀ ojú omi kan, wọ́n gbé e sí dáàmù kan lẹ́yìn ìlú. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà wá yarí, àwọn tó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án tún bà á jẹ́ sí i. Bàbá Tòbí ló fi sùúrù tún un ṣe. Inú Alhaji dùn, wọ́n ní yàtọ̀ sí owó iṣẹ́, kí ó mú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá ní ọjọ́ Àìkú kan, awakọ̀ àwọn á fi ọkọ̀ náà gbé wa ṣeré. Wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn máa ń dúró lórí bọ́ọ̀dù lẹ́yìn ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó bọ́ọ̀dù wọn padà lọ sí Àbújá. Tí àwa náà bá fẹ́ ṣe é, kí a mú tiwa dání.

Wakesurf ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ á máa lọ, kò ní sáré púpọ̀, ìgbì ńlá á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ẹni tó wà lórí bọ́ọ̀dù á di okùn mú kí ọkọ̀ fi fà á dìde. Tó bá ti dúró tán, á ju okùn sílẹ̀, ìgbì yẹn á sì máa tì í lọ. Mo bèèrè pé fáànù ọkọ̀ kò ní gé ẹsẹ̀ ọmọ mi? Bàbá Tòbí ní rárá, abẹ́ ikùn ọkọ̀ yìí ni fáànù rẹ̀ wà. Ó ní ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kọ́ sẹ́yìn níta, a kì í ṣe é lẹ́yìn irú rẹ̀ láéláé.

Èmi tiẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀. Ní Kano? Omi tí mai ruwa ń tì kiri nínú ọmọlanke ni mo mọ̀ ní tèmi!

Àǹtí ló yí mi lọ́kàn padà, láìmọ̀. Orí oúnjẹ ni Bàbá Tòbí ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Mo rí i pé wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n bèèrè bí omi náà ṣe rí, bóyá ó fẹ̀, bóyá ó mọ́. Kí n ṣàlàyé: rélùwéè ni bàbá wa ṣe. Jẹ́bà ni wọ́n fi wọ́n sí kí wọ́n tó gbé wọn wá sí Kano tí wọ́n fi bí mi. Létí Odò Ọya ni Àǹtí ti ṣe kékeré, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ omi í wẹ̀. Nínú gbogbo ilé wa, àwọn nìkan ṣoṣo ló mọ omi í wẹ̀. Ojú wọn wá tàn bí ti ọmọdé lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ṣíbí wọn padà, wọ́n ní ó dáa, kí a máa lọ, àwọn á dúró ti ẹrù.

Ó dùn mí. Mo sọ fún ara mi pé lọ́tẹ̀ yìí, Àǹtí ò ní dúró ti ẹrù kankan. Bọ́ọ̀dù tí a máa rà gbọ́dọ̀ gba àwọn náà.

Mo rí ìyáàfin kan lórí fóònù, ní Èkó, tó ń ta tòkunbọ̀ irú nǹkan wọ̀nyí. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Àwọn kan kúrú, wọ́n sì tín-ín-rín, ó ní ìyẹn wà fún àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ṣe tó ń dárà. Àwọn kan gùn, wọ́n nípọn, wọ́n ní fóòmù lórí. Mo ní agbára wa ò ká ju ẹyọ kan lọ, ilé wa sì ní tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní kékeré, ó ní ńlá. Ó ní kò sí wàhálà, ẹyọ kan á tó wa tí a bá mọ̀ ọ́n yàn. Ó ní kí n sọ kílóò gbogbo wa.

Ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Télọ̀ ni mí, mo gbé téèpù. Mo wọn gíga gbogbo ilé, mo wọn èjìká, mo tiẹ̀ wọn gígùn apá, mo fi ránṣẹ́. Ìyáàfin náà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní bọ́ọ̀dù kì í ṣe bùbá, omi ò mọ gíga, ìwúwo ló mọ̀.

Ó dáa. Kílóò Tòbí àti Dàmi wà lórí káàdì ọsibítù. Bàbá Tòbí pe tiẹ̀ bíi pé wọ́n fẹ́ fún un ní ife-ẹ̀yẹ. Mo kọ tèmi. Ó wá ku Àǹtí.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́, ẹnu wo lèèyàn á fi bèèrè kílóò ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ara àgbà bá tóbi, à á ní ayé ń yẹ wọ́n ni. A kì í fi nọ́ńbà sí i. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí mo bá wọn ìdí màdáámù kan, mi ò ní pè é sókè fún ọmọ iṣẹ́ láéláé. Mo máa ń kọ ọ́ jẹ́jẹ́ ni. Tí màdáámù bá bèèrè, mo lè yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí inú wọn lè dùn, èyí tó jẹ́ òótọ́ ni màá sì fi gé aṣọ. Wọ́n á wọ̀ ọ́, á bá wọn mu, gbogbo wa á máa rẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe ṣe fún Àǹtí nìyẹn. Mo fojú díwọ̀n wọn, mo yọ díẹ̀ kúrò fún ọ̀wọ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ó ṣì pọ̀ lójú mi, mo tún yọ díẹ̀. Mo fi ránṣẹ́, ọkàn mi balẹ̀. Mo gbàgbé pé lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe èmi ni màá gé aṣọ náà.

Ìyáàfin yan ọ̀kan tó rẹwà, aláwọ̀ búlúù, kò gùn púpọ̀. Ó ní bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ ní Kano lòun máa fi rán an tí mo bá ti ní kó rí bẹ́ẹ̀. Inú Dàmi dùn sí fọ́tò náà, ó já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, ó sáré lọ sí ilé búrẹ́dì láti fi han Mama Babba. Orúkọ tí àwọn ọmọ ń pe Àǹtí nìyẹn, bí Hausa ṣe ń pe ìyá àgbà nínú ilé.

Àǹtí mọ̀wé o. Wọ́n wo fọ́tò tán, wọ́n tún wo ohun tó wà lókè rẹ̀. Wọ́n rí orúkọ gbogbo wa, wọ́n sì rí kílóò tó wà níwájú orúkọ tiwọn.

Kò pẹ́ tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo ti mọ̀ kí n tó débẹ̀ pé ọ̀ràn wà. Wọ́n na fóònù sí mi, wọ́n bèèrè pé ta ni eléyìí tó ń jẹ́ orúkọ mọ́ àwọn? Mo kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́. Mo ní ẹ má bínú, ọ̀wọ̀ ni mo bù fún yín.

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ohùn wọn sì rọlẹ̀. Wọ́n ní, "Bùnmi, tí nǹkan yìí bá dé, tí mo gùn ún, tó rì mọ́ mi lábẹ́ lójú àwọn ọmọ, ṣé ọ̀wọ̀ ni wọn á pe ìyẹn?" Wọ́n ní àwọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Bàbá Tòbí ti sọ̀rọ̀ omi ni ó ti ń wu àwọn. Ó wu àwọn gan-an ni. Ẹ̀rù ló ń ba àwọn pé kí àwọn sọ ọ́ tán, kí ó wá dà bíi ti àga ọjọ́sí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún.

Àǹtí dìde, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ jáde síta lọ gbatẹ́gùn. Òṣùwọ̀n kan wà nílẹ̀ nínú ilé búrẹ́dì náà, pẹrẹsẹ báyìí, òun ni wọ́n fi ń wọn àpò fúláwà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, wọn ò sì gun orí rẹ̀ rí. Wọ́n bọ́ bàtà. Wọ́n tú gèlè, wọ́n ní kí gèlè má lọ kó bá àwọn. Wọ́n gùn ún, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní kí n kà á. Mo kà á wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n ní rárá, kí n kà á bí ẹni ń ka ti fúláwà.

Mo kà á sókè.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gba fóònù, wọ́n fi ohùn ara wọn ránṣẹ́ sí ìyáàfin náà ní Èkó. Wọ́n kí i kú iṣẹ́, wọ́n ní àwọn ni ẹ̀gbọ́n tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n pe kílóò wọn ketekete, wọ́n ní kí ó má bínú sí àbúrò àwọn, ó bọ̀wọ̀ fún àwọn kọjá ààlà ni.

Èsì tí ìyáàfin yẹn fi ránṣẹ́ ni mo ṣì ń dúpẹ́ fún títí di òní. Ó ní Ọlọ́run ló ní kí òun má tíì rán búlúù yẹn, nítorí ìgbì ì bá ti fi Àǹtí sílẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní ẹni tó bá wúwo jù nínú ilé la fi ń yan bọ́ọ̀dù. Ọmọdé lè dúró lórí èyí tó tóbi, kò kàn ní tètè yí padà fún un ni, ìyẹn sì dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Àgbà ò lè dúró lórí kékeré. Ó wá fi fọ́tò òmíràn ránṣẹ́, tó gùn, tó fẹ̀, tó nípọn látòkè délẹ̀, fóòmù wà lórí rẹ̀ kí ó má baà dá ọmọ lápá, ó sì ní nǹkan bíi lẹbẹ ẹja lábẹ́ tí kò ní jẹ́ kó máa yọ̀ kiri. Ó fi kún un pé òun náà lára, irú rẹ̀ lòun fi kọ́ ọ. Àǹtí gbọ́ ìyẹn, wọ́n tún un gbọ́, wọ́n tún un gbọ́.

Nígbà tí bọ́ọ̀dù dé, àwọn aládùúgbò ń bèèrè bóyá tábìlì ìlọṣọ tuntun ni mo rà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló fẹ́ máa ṣàlàyé?

Ọjọ́ Àìkú dé, a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó di dáàmù. Malam Sani ni awakọ̀ ọkọ̀ náà ń jẹ́, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. A kí ara wa ní Hausa, ó sì fún wa ní ẹ̀wù tó ń léfòó. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé kò ní sí èyí tó máa gba Àǹtí, ṣùgbọ́n Alhaji náà ò kéré, tiwọn bá Àǹtí mu wẹ́kú.

Malam Sani wá ní kí Àǹtí jókòó sí igun ẹ̀yìn ọkọ̀, lápá òsì. Ọkọ̀ gbéra, ẹ wá wo ìgbì lápá ibẹ̀! Ó ga, ó sì dán. Malam Sani bojú wẹ̀yìn, ó ní kí Mama má kúrò níbẹ̀ o, ìwúwo tó wà nígun yẹn ló ń gbé ìgbì dìde, òun ò rí irú ẹ̀ rí látìgbà tí Alhaji ti wọlé síbẹ̀ kẹ́yìn. Tòbí, tí kì í sọ Yorùbá bí wọ́n lù ú, ní, "Mama Babba, na you be the engine." Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Dàmi ló kọ́kọ́ bọ́ sómi. Ó dojú bolẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù, ó kúnlẹ̀, ó ń pariwo. Tòbí ṣubú ṣubú, ó wá dúró, ó ju okùn sílẹ̀, ìgbì ń gbé e lọ. Bàbá Tòbí tó ní òun ní iṣan mu omi dáàmù yó. Èmi? Mo wà nínú ọkọ̀, mo ń gbàdúrà.

Ó wá kan Àǹtí. Wọ́n wo omi, wọ́n wo wa, wọ́n ní kí Tòbí tún lọ, àwọn á bá wa mójú tó ẹrù. Ẹrù wo nínú ọkọ̀ ojú omi? Dàmi ló fi Hausa sọ fún wọn pé bọ́ọ̀dù tiwọn ni, kílóò wọn la fi rà á, àwa kàn ń yá a lò ni.

Àǹtí dìde. Wọ́n di àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ọkọ̀ mú, wọ́n rọra wọ inú omi. Wọ́n dúró díẹ̀, omi dé wọn lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na apá, wọ́n sì ń wẹ̀ lọ. Wọ́n wẹ̀ yí ọkọ̀ ká, láìkánjú, pẹ̀lú ẹ̀wù ńlá yẹn lọ́rùn. Gbogbo bí mo ṣe dàgbà lábẹ́ wọn yìí, mi ò rí i rí. Malam Sani rọra ní Ma sha Allah.

Wọ́n gbé gìgísẹ̀ lé bọ́ọ̀dù, wọ́n di okùn mú. Ọkọ̀ fà wọ́n, wọ́n ṣubú. Ó tún fà wọ́n, wọ́n tún ṣubú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Malam Sani wá ṣàkíyèsí pé ìgbì ti kéré, nítorí ẹni tó ń gbé e dìde ti wà nínú omi. Ó ní kí gbogbo àwa tó kù lọ jókòó sí igun Àǹtí. Ẹ wò ó, èmi, Bàbá Tòbí, Tòbí, Dàmi, a fún ara wa pọ̀ sójú kan bí ègé ẹran nínú ìkòkò, kí a lè wúwo tó láti gbé ìgbì fún wọn. Ìgbì náà ga.

Ọkọ̀ fà wọ́n. Wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan. Wọ́n gbé èkejì. Bọ́ọ̀dù yẹn mì díẹ̀, ó sì dúró. Kò rì. Àǹtí mi dúró lórí omi, orúnkún títẹ̀, ìdí sẹ́yìn, wọ́n ju okùn sílẹ̀, ìgbì sì ń tì wọ́n bọ̀ lẹ́yìn wa. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn gbé ọwọ́ kan sókè bí a ti ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì tí a bá ń dúpẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣubú, ṣùgbọ́n gbogbo wa rí i.

Nígbà tí a fà wọ́n wọlé, wọ́n jókòó tì mí, omi ń ro lára wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Bùnmi, mo ti rò pé nǹkan báyìí ti tán fún mi." Mo sunkún, mi ò parọ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhaji. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Malam Sani, àti ìyáàfin Èkó tó bèèrè ìbéèrè tí èmi ò lè bèèrè. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí mi tó gun òṣùwọ̀n.

Ẹ̀kọ́ tèmi nìyí: tí ẹ bá fẹ́ ra bọ́ọ̀dù kan fún ilé tí ara wọn ò dọ́gba, ẹ wo ẹni tó wúwo jù, kí ẹ sì bi í léèrè fúnra rẹ̀. Mo rò pé mò ń dáàbò bo ẹ̀gbọ́n mi, kò sì yàtọ̀ sí ìgbà tí mò ń kó báàgì fún wọn. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló máa ń dúró ti ẹrù nínú ilé tiyín, ṣé ẹ sì ti bi í rí bóyá ó wù ú kí ó bá yín lọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí fún mi, èmi àti Àǹtí la jọ máa kà á.